Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ àti Ìyàwó Tuntun Sinmi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá wa ní takọ-tabo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, arákùnrin wa kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so yìgì rẹ̀ ni ó tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ lo ọjọ́ méje ní erékùṣù Zanzibar, kí wọ́n lè sinmi lẹ́yìn làálàá ìgbéyàwó. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan tí í ṣe àlùfáà ní ìṣe àwọn Nàsárá ni, pé kò sí ohun tó ń jẹ́ họ́nímúùnù nínú ẹ̀sìn. Ìyá rẹ̀ ní àlejò kò tíì tán nílé, ta ni yóò máa dáná fún wọn? Arákùnrin yìí ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyàwó òun kò ti sun oorun àsùngbádùn, àti pé ní ọjọ́ kejì tí ó wọlé, ẹkún ni òun bá a tó ń sun nídìí ìkòkò.

A kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí ojú tiwa náà ti rí i. Nígbà tí a gbé ìyàwó, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni a fi ń dá ìkòkò àti àga tí a háyà padà, tí a ń wá ṣíbí méjìlá tó sọnù. Ó tó oṣù kan kí a tó mọ̀ pé ìyàwó wa kì í jẹ ata púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣe Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ní ọdún keje Hijira (628), nígbà tí ó ń bọ̀ láti Khaybar, ó fẹ́ Safiyyah ọmọ Huyayy. Anas ọmọ Malik ni ó gba ọ̀rọ̀ náà wá, ó sì wà nínú Bukhari, pé ọjọ́ mẹ́ta ni Ànábì fi dúró pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà, láàárín Khaybar àti Mẹdínà. Ẹ rò ó wò. Ogun ni wọ́n ti ń bọ̀, ilé á ti máa wù wọ́n, síbẹ̀ wọ́n dúró. Walíímà ọjọ́ náà, kò sí búrẹ́dì níbẹ̀, kò sí ẹran. Awọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó dàbínù, wàrà gbígbẹ àti ọ̀rá wàrà lé e, àwọn ènìyàn sì jẹ. A kò gbọ́ aṣọ ẹbí níbẹ̀.

Anas yìí kan náà ni ó sọ pé súná ni kí ẹni tó ti ní ìyàwó nílé lo ọjọ́ méje lọ́dọ̀ ìyàwó tuntun bí ó bá jẹ́ wúńdíá, ọjọ́ mẹ́ta bí ó bá ti mọ ilé ọkọ rí, kí ó tó padà sí pípín ọjọ́. Bí ìyàwó tó ṣáájú bá lè yọ̀ǹda ọjọ́ méje, ṣé àlejò tó wá jẹ ìrẹsì kò lè yọ̀ǹda rẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ àlejò yìí gan-an, ó wà nínú Alukuráánì. Nígbà tí Ànábì fẹ́ Zaynab ọmọ Jahsh, àwọn kan jẹun tán, wọ́n jókòó, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ànábì dìde, ó lọ kí àwọn ìyàwó rẹ̀ yòókù, ó padà dé, ó tún bá wọn níbẹ̀. Ojú ń tì í láti ní kí wọ́n máa lọ. Ni Ọlọ́hun bá sọ ẹsẹ 53 nínú Súrà Al-Ahzab kalẹ̀, pé bí àlejò bá ti jẹun tán, kí ó máa lọ. Nítorí náà, bàbá wa àlùfáà, orúkọ nìkan ni ti òyìnbó. Ìsinmi náà kì í ṣe tiwọn.

Zanzibar tí wọ́n sì dárúkọ yìí, ilẹ̀ Mùsùlùmí ni. Ó wà nínú Òkun Íńdíà, lábẹ́ Tanzania. Ní Kizimkazi, mọ́sáláṣí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ọdún 500 Hijira (1107) sí ara ògiri rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbin kànáfùrù, tí orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Lárúbáwá wá sí ẹnu àwa àti àwọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọjọ́ méje níbẹ̀, kí ó rántí pé nínú mas-habi Maliki tiwa, ojú ọ̀nà ni yóò ti máa dín ìrun ráká mẹ́rin kù sí méjì. Bí ó bá ti gbèrò láti dúró fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó máa kí i pé. Ti aṣọ etí òkun, ẹ mọ ohun tí a ó sọ. Ẹ má sì gbé àwòrán ìyàwó yín kiri lórí fóònù fún gbogbo ayé wò. Nígbà tí Ànábì fẹ́ bá Aishah sáré ìje ní ìrìn-àjò, ó kọ́kọ́ ní kí àwọn ènìyàn máa lọ níwájú ná. Aishah sì gbà á lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ànábì tó gbẹ̀san, ni ó bá ń rẹ́rìn-ín.

Ibi owó ni a ti bá arákùnrin wa jà. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì fẹ́ yá a lówó èlé. Haráámù ni. Ẹsẹ 275 nínú Súrà Al-Baqarah kò fi ààyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọkọ tuntun. A sọ fún un pé bí owó rẹ̀ bá mọ ní Badagry, kí wọ́n lọ sí Badagry. Òkun wà níbẹ̀, iyanrìn wà níbẹ̀, àlejò kò sí níbẹ̀. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí wa.

Ní ti ìyá rẹ̀, a ní kí ó má fi hádíìsì bá a jà. Kí òun dọ̀bálẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, kí wọ́n tọrọ ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá dákẹ́ títí, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun yóò dáná fún àlejò, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní Badagry. Àgbọn ni wọ́n rà bọ̀ fún un.