Àìmọ̀ Awakọ̀ ní Ẹnubodè

Yorùbá gbà pé àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ǹjẹ́ èyí tó àwáwí fún awakọ̀ tó sáré kọjá òfin ní ilẹ̀ onílẹ̀? Ẹ wo ọ̀nà tó ti Newry ní Àríwá Ireland lọ sí Dundalk, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland. Máìlì ni wọ́n fi ń díwọ̀n eré ọkọ̀ ní Newry. Láti ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, kìlómítà ni ti Dundalk. Kò sí aṣọ́bodè tí ń dá ọkọ̀ dúró láti ṣàlàyé. Awakọ̀ tó bá ka 50 inú ìlú sí máìlì yóò sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkàn rẹ̀ lè mọ́. Síbẹ̀, mo dá a lẹ́bi: ẹni tó mọ̀ pé òun ti kọjá ẹnubodè ìbá kọ́kọ́ rọra, kí ó sì wádìí, nítorí pé ẹni tí ń fẹsẹ̀ sọdá títì, tí wọ́n torí rẹ̀ gbé 50 náà kalẹ̀, kò mọ ìdíwọ̀n tí awakọ̀ ń rò lọ́kàn.