Èlíjà Kọ́kọ́ Sùn Ná

Bíbélì Kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-18

Bí o ti jókòó síbi àdúrà òwúrọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí o má tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan. Owó ilé ti tó san, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wà nílẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń halẹ̀. Bí o bá ti fi orí lé ìrọ̀rí, àyà rẹ á máa lù kìkìkì.

Wo Èlíjà. Iná bọ́ láti ọ̀run nípa àdúrà rẹ̀, ó sì sáré ṣáájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù wọ Jésírẹ́ẹ̀lì. Kò pẹ́ tí Jésébẹ́lì fi ránṣẹ́ ikú sí i, wòlíì ńlá yìí sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, òun nìkan wọ ijù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun.

Kí ni Ọlọ́run ṣe? Kò bá a wí. Kò pè é sí ìṣọ́ òru. Ó jẹ́ kí ó sùn. Nígbà tí áńgẹ́lì jí i, oúnjẹ tí wọ́n yan lórí ẹyín iná wà níbi orí rẹ̀ pẹ̀lú omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jẹun, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ìgbà tí ara ti gba okun ni ó tó dé Hórébù, níbi tí ó ti gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́. Ìwọ tí ń bínú sí ara rẹ pé o kò lè gbàdúrà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣé o rí i?

Àwa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà wá, a ó fi ààwẹ̀ kún àìsùn, a ó jẹ obì tàbí mu kọfí kí ojú má bàa kùn, bí àyà bá wá ń lù, a ó ní ayé ló dé. N kò sọ pé ọ̀tá kò sí o. Ṣùgbọ́n kaféènì wà nínú obì àti kọfí; ó ń lé oorun lọ, ó sì lè mú kí ọkàn yára lù. Kí o tó fura sí aládùúgbò rẹ, bi ara rẹ léèrè pé, wákàtí mélòó ni mo sùn? Àgbàlagbà nílò wákàtí 7, ó kéré tán. Ẹni tí kò sùn fún òru mẹ́ta, kí ó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín lónìí, kí ó gbé fóònù sí yàrá kejì, kí ó sì sùn. Ààwẹ̀ kò ní sá lọ.

Bí ẹ̀rù bá dé bá ọ nínú ọkọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì há yín mọ́ orí afárá, fa èémí sínú láti imú, kí o ka 4 lọ́kàn. Rọra mí i síta, kí o ka 6. Ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Bí èémí bá ń pẹ́ kí ó tó jáde tán, ìlù ọkàn á máa rọlẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ kàwé, pe orúkọ Jésù jẹ́jẹ́. Bí o bá sì sọ̀kalẹ̀, fi ẹsẹ̀ rìn délé dípò kí o gun ọ̀kadà.

Má gbàgbé pé Èlíjà ti dá wà kí ó tó bẹ ikú, àti pé kí orí 19 tó parí, Ọlọ́run ti fún un ní Èlíṣà. Gbèsè àjẹsẹ́kù tí o ń fi pamọ́ fún ọkọ rẹ, sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì kéré.

Bí ó bá ti di ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wọlé, tí oorun kò wá, lọ rí dókítà. Bí ó bá sì jẹ́ ikú ni ọkàn rẹ ń rò, má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú kí o tó sọ fún ẹnì kan, kí ó sì sìn ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ Aro ní Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ibẹ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí i ká, kí wọ́n máa gbé láàrin ènìyàn bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Èwo ni ìtìjú nínú ìyẹn?

Àdúrà: Baba, Ìwọ tí o bọ́ Èlíjà lábẹ́ igi, bojú wo ilé yìí. Ẹni tí kò rí oorun sùn láàrin wa, fún un ní oorun lálẹ́ òní. Ẹni tí ń dá ẹrù rù, fi Èlíṣà tirẹ̀ hàn án. Ní orúkọ Jésù. Àmín.