Ẹ̀rọ Mọ Ọ̀nà, Ṣé Ó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dúró?

Ọ̀rọ̀ irin ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ìbéèrè kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn: bí nǹkan bá mọ bó ṣe lè tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ṣé a lè wá sọ pé ọrùn rẹ̀ ni ẹrù iṣẹ́ náà wà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò àti katakata ní Jámánì, Japan àti Amẹ́ríkà, rọ́bọ́ọ̀tì ló ń jó ọ̀pọ̀ irin pọ̀ báyìí. Orí apá rọ́bọ́ọ̀tì yìí ni wọ́n de tọ́ọ̀ṣì mọ́. Kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì tí à ń tàn lóru o! Ọ̀pá ẹnu tóóró kan ni, tí wáyà ń gbà inú rẹ̀ jáde. Iná á máa kọ yẹ̀rìyẹ̀rì láàárín ẹnu wáyà yẹn àti irin, á sì yọ́ wọn pọ̀. Wáyà mìlímítà 1.2 ló wọ́pọ̀. Ẹ wo bó ṣe tín-ín-rín tó. Bí tọ́ọ̀ṣì bá fi mìlímítà kan péré yà kúrò lójú ìsopọ̀, iṣẹ́ ti lè bàjẹ́ nìyẹn.

Unimate, rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó wọ ilé iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ General Motors ní New Jersey lọ́dún 1961. Irin gbígbóná ló ń gbé nígbà náà, kò tíì máa jó irin pọ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ ló ń tún ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyẹn dára fún ẹrù gbígbé. Ṣùgbọ́n irin tí à ń jó kì í dúró sójú kan. Ẹni tó gé e lè ti gé e wọ́. Iná fúnra rẹ̀ á tún máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì tó bá ń tọ ọ̀nà àná, ẹ̀gbẹ́ ìsopọ̀ ló máa jó.

Ọgbọ́n kan tí wọ́n wá dá sí i ló dùn mọ́ mi jù. Wọn ò fún un lójú rárá. Wọ́n ní kó máa fi tọ́ọ̀ṣì sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń tọ kòtò tó wà láàárín irin méjì lọ, bí ẹni tó ń rìn nínú kọ́rídọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí iná bá lọ, tó ń fọwọ́ wá ògiri ọ̀tún, tó tún ń fọwọ́ wá tòsì. Bí ẹnu tọ́ọ̀ṣì bá sún mọ́ irin, kọ́rẹ́ǹtì á lọ sókè; bó bá jìnnà sí i, kọ́rẹ́ǹtì á wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, àárín ló wà. Bí ti ọ̀tún bá pọ̀ jù, ó ti sún mọ́ ọ̀tún jù, kó yáa padà sósì. Iná tó fi ń ṣiṣẹ́ náà ló fi ń ríran! Ṣé àwọn àgbà sì ti wí i pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Irú mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ laser àti kámẹ́rà ló ń ṣáájú tọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń bá a wo ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó ní kí ni wẹ́dà ń ṣe tó ju èyí lọ? Òun náà ń wò ó, ó ń gbọ́ ìró iná, ó ń tún ọwọ́ ṣe. Ó tún ní kí n má gbàgbé ẹ̀dọ̀fóró: lọ́dún 2017, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka èéfín wẹ́dìn mọ́ àwọn nǹkan tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ṣé ọmọ ènìyàn ló yẹ kó máa fa irú èéfín bẹ́ẹ̀ símú, nígbà tí ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀dọ̀fóró wà? Mo gbà fún un níbẹ̀ yẹn. N ò bá rọ́bọ́ọ̀tì jà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Àárín kòtò ni ẹ̀rọ yìí mọ̀. Kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló yẹ kí kòtò náà wà. Bí wọ́n bá to irin méjì sí ibi tí kò yẹ, rọ́bọ́ọ̀tì àtijọ́ á jó o bàjẹ́, tọmọdé tàgbà á sì rí i. Ti ìsinsìnyí á tẹ̀lé àṣìṣe náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì jó o dáadáa síbi tí kò yẹ. Bákan náà, bí àlàfo bá fẹ̀ jù, tọ́ọ̀ṣì lè wà láàárín gan-an kí irin má sì wọnú ara wọn. Òkè á máa dán, inú á ṣófo. Àbí ẹ ò mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láwùjọ? Ọ̀gá ní kó kọ ìwé irọ́, ó kọ ọ́ láìṣi lẹ́tà kan kọ. Bí ẹni tó ń tẹ̀lé bá ṣe já fáfá tó ni àṣìṣe ẹni tó ń ṣáájú ṣe ń farapamọ́ tó.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi àyè sílẹ̀ láti pa ààlà fún un: bó o bá ti yà tó mìlímítà báyìí kúrò lọ́nà tí a kọ́ ọ, má tẹ̀lé e mọ́, dúró, pe ènìyàn. Ta ló ń kọ iye yẹn síbẹ̀? Ènìyàn ni. Bó bá kọ ọ́ kéré jù, rọ́bọ́ọ̀tì á máa dúró ṣáá, ọ̀gá á máa pariwo pé iṣẹ́ ò yá. Bó bá kọ ọ́ tóbi jù, iṣẹ́ á yá, ariwo á dákẹ́, ohun tí kò yẹ kó kọjá á sì máa kọjá. Gbogbo rẹ̀ ò ju nọ́ńbà kan lọ. Inú nọ́ńbà kékeré yẹn ni mo ti ń wá ìwà ọmọlúàbí.

Bóyá ẹnìkan á ní, kí ló tóbi nínú ìsopọ̀ irin? Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1980, Alexander L. Kielland, ilé orí omi táwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé ní apá ti Norway lórí Òkun Àríwá, dojú dé. Ènìyàn 212 ló wà nínú rẹ̀, 123 kú. Ìwádìí tọ ọ̀rọ̀ náà dé orí ìsopọ̀ mìlímítà 6 péré, tí wọ́n fi so awo irin tó gbé ẹ̀rọ agbọ́hùn abẹ́ omi mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tó di ẹsẹ̀ ilé náà mú. Awo irin yẹn kì í ṣe ara ohun tó ń gbé ẹrù ilé náà. Ibẹ̀ ni irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Wọ́n sì bá ọ̀dà lójú ibi tó sán, èyí tó fi hàn pé ó ti ń sán kí wọ́n tó kùn ún. Wọ́n kùn ún, ó dán, iṣẹ́ tẹ̀ síwájú. Ẹjọ́ rọ́bọ́ọ̀tì kọ́ nìyẹn o. Mo mú un wá kí ẹ lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ, tí kò sí ẹni tó ní kó dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbà.

Ayé náà mọ̀ pé ẹrù ò tíì kúrò lórí wa. Ìlànà ìdánwò wà fún wẹ́dà tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin, ISO 9606. Òmíràn wà fún ẹni tó ń darí ẹ̀rọ àti ẹni tó ń ṣètò rẹ̀, ISO 14732. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n ń kọ sórí ìwé ẹ̀rí méjèèjì.

Èrò tèmi rè é. Títún ọwọ́ ṣe kò tíì di ìwà. Ìwà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ènìyàn bá lè wo iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kó ní, "Rárá, n ò jó èyí." Rọ́bọ́ọ̀tì ò lè sọ ọ́, àfi bí ẹnìkan bá ti bá a sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa di ẹ̀ńjíníà lọ́la, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá á ní kí ẹ fẹ nọ́ńbà yẹn díẹ̀ sí i, kí iṣẹ́ lè yá. Kò ní dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú yín lọ́jọ́ náà. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn ṣì ń fi irin búra níwájú adájọ́. Ẹ rántí pé irin kì í búra fúnra rẹ̀ o. Ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ló ń búra. Ó dọwọ́ yín.