Tútù Là Ń Ká Ẹja

Fáìlì mẹ́ta ló wà lórí kọ̀ǹpútà wa ní Ẹ̀pẹ́: "Eré Tuntun", "Eré Tuntun Gidi" àti "Gidi Gan-an". Òfo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ti wẹ̀, a ti jẹun, a ti fọ bàtà tí kò dọ̀tí, a ò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan.

À ń tan ara wa pé ọ̀rọ̀ tó dáa jù là ń wá. Irọ́ ni o! Ẹ̀rù ló ń bà wá, kí wọ́n má lọ rí i pé a ò mọ̀ ọ́n kọ tó bí a ṣe ń fọ́nnu.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni? Tó bá jẹ́ àwa nìkan ló ń jìyà ẹ̀, bóyá kò burú. Òṣèré tó máa há ọ̀rọ̀ sórí lóru ọjọ́ tí eré kù ọ̀la ńkọ́? Àkókò ẹlòmíì là ń fi ṣòfò.

Hubert Ogunde fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1945, ó gbájú mọ́ eré. Nínú ọ̀pọ̀ eré ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á mọ ìtàn, wọ́n á kọ́ orin, àmọ́ òṣèré fúnra ẹ̀ ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ hun ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Wọn ò dúró de ìwé tó pé.

Àwọn ìyá tó ń yan ẹja l'Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n: tútù là ń ká ẹja, tó bá gbẹ, ńṣe ló máa ṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbé ojú ìwé méjì fún òṣèré lónìí, tàṣìṣe tàṣìṣe, bí a ṣe ń gbé áàpù síta kí aráyé bá wa rí àléébù ẹ̀.

Ó yá, a fẹ́ lọ kọ eré wa. Ṣé ẹ ti rí i pé àròkọ yìí la kọ́kọ́ kọ parí?