Sísáré Nítorí Aláìsàn: Ǹjẹ́ Láádá Wà Níbẹ̀?

Kútúbà Jímọ̀ láti ẹnu Náíbù Imáàmù

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa ní aláìlágbára, tí ó fún wa ní agbára ìgbà èwe, tí ó sì ń dá ẹni tí ó bá wù ú padà sí àìlágbára nígbà ogbó. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi níyànjú ṣáájú yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú jámáà wa tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìrun. Ó ní òun ti forúkọ sílẹ̀ láti sá eré Marathon ti Lọ́ńdọ̀nù yìí, òun sì ti ṣèlérí láti kó £2,000 jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú kan tí ó ń náwó sí ìwádìí lórí àrùn Alzheimer, tí ó sì ń ran àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn náà lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá òun lè bá jámáà sọ ọ̀rọ̀ náà. Kí n tó dáhùn, bàbá kan tí ó jókòó nítòsí, ẹni tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, sọ pé: "Àáfáà, kí ni eré sísá ní í ṣe pẹ̀lú àìsàn? Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe saara, kí ó yọ owó rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá ọmọ yìí gan-an ni àrùn náà ń ṣe. Dípò kí ó máa sáré kiri ìgboro, ṣe ni kí ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀." Arábìnrin náà kò fèsì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ohun tí bàbá sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ fífi ara ṣe wàhálà lè di iṣẹ́ rere? Ǹjẹ́ saara tí gbogbo ayé rí kò ti di ṣekárími? Ǹjẹ́ ẹni tí ó ń sáré nítorí aláìsàn tí kò mọ̀ rí kò ti fi ti ilé rẹ̀ sílẹ̀? Mo ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí n tó gun míńbárì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn náà. Nínú àwọn àrùn tí ń mú iyè ènìyàn ra, Alzheimer ni ó wọ́pọ̀ jù. Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906, lẹ́yìn tí ó yẹ ọpọlọ obìnrin kan wò, ẹni tí ó ti tọ́jú ní ìlú Frankfurt. Ẹni ọdún 51 ni obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò tíì di arúgbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí mílíọ̀nù 57 ènìyàn ni irú àrùn ìgbàgbé yìí ń bá fínra káàkiri ayé, àti pé èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ ni ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní àrùn òyìnbó. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun jẹ́ aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàrin àwọn àgbàlagbà àdúgbò Ìdíkàn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tí àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn kò tó ìdajì àwọn ti Indianapolis. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Àwọn ìyá àti bàbá wa ní Ìdíkàn jókòó, wọ́n dáhùn ìbéèrè léraléra, kí ọmọ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí lè rí ìmọ̀ lò.

Àwọn kan a máa sọ pé: "Ogbó ni, kò sí oògùn rẹ̀." Wọn a sì tọ́ka sí hadiisi tí Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ti fi ogbó nìkan yọ sílẹ̀ nínú àwọn ohun tí ó ní ìwòsàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n hadiisi yẹn kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí a wá ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ ogbó lásán ni, gbogbo arúgbó ni ì bá máa ṣe. Ẹ ṣáà mọ àwọn ẹni 90 ọdún tí wọ́n ṣì ń ka Kùránì láìwo ìwé. Àrùn ni, àrùn sì ni a pa á láṣẹ fún wa láti wá oògùn fún. Títí di òní, kò tíì sí èyí tí ń wò ó sàn. Àwọn oògùn tuntun tí ó jáde kàn ń dín ìyára rẹ̀ kù díẹ̀ ni, fún àwọn kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ẹni tí ó bá kówó sí wíwá oògùn náà ń tẹ̀lé àṣẹ Ànábì ni.

Nípa ìbéèrè kìíní: Ànábì rí àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti fi ẹsẹ̀ rìn dé Kaaba, tí àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé e rù ní apá. Ó ní Ọlọ́hun kò ní bùkátà sí ìyà tí ọkùnrin náà fi ń jẹ ara rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ó gun ẹranko. Nítorí náà, Ọlọ́hun kì í ra ìyà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ tí wọ́n ń sá, bí a bá sá a kí ara lè jìyà, òfo ni. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà yìí bá ìyàwó rẹ̀, Nana Aisha, sáré ìje lẹ́ẹ̀mejì. Eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a fi ṣe ni ó ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú. Àwọn àgbà wa sì ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Láti ọdún 1981 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí, tí ó ń gba Woolwich, Greenwich, Deptford àti Bermondsey kọjá, lójú pópó tí púpọ̀ nínú wa ń gbé, owó tí ó ti mú wọlé fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Ohun tí ó ní láádá ni owó náà àti àníyàn ọkàn ẹni tí ó sá a. Àárẹ̀ kàn jẹ́ ọkọ̀ tí ó gbé wọn dé ni. Kí ẹni tí yóò sá a ṣáà rí dókítà, kí ó sì múra sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àmáánà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa.

Nípa ìbéèrè kejì: nínú Suuratul-Bakara, aaya 271, Ọlọ́hun yin saara gbangba, ó sì fi ti ìkọ̀kọ̀ ṣe èyí tí ó dára jù. Bàbá wa kò ṣì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn tálákà ìran Mudari wọ Mẹ̀dínà láìní bàtà, tí ojú Ànábì yí padà nítorí ipò tí ó bá wọn. Ó pe àwọn ènìyàn síta pé kí wọ́n ṣe saara. Ará Mẹ̀dínà kan gbé àpò kan wá, tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e, ní ojú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù tò tẹ̀lé e, títí oúnjẹ àti aṣọ fi di òkìtì méjì, tí ojú Ànábì sì ń tàn. Ó sọ níbẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi ìlànà rere lélẹ̀ yóò gba ẹ̀san tirẹ̀ àti irú ẹ̀san àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ sì jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ohun tí a ń fi pamọ́ lórí àrùn yìí kì í ṣe saara. Ìtìjú ni. A kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́ pé ìyá wa kò dá wa mọ̀ mọ́. Ní àwọn ìlú wa nílé, wọ́n ti pe ìyá arúgbó tí ó ṣìnà lóru ní àjẹ́, wọ́n sì ti lu àwọn kan. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ àrùn náà sí àyà aṣọ rẹ̀, tí ó sì sá a gba àárín ìlú kọjá, ń sọ fún wa pé kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ìgẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù. Ọkùnrin kan wá gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ Ànábì láti lọ sójú ogun. Ànábì bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ wà láàyè. Ó ní wọ́n wà. Ànábì ní kí ó padà lọ jìjàdù lórí ìtọ́jú wọn. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá ń kówó jọ fún aláìsàn ìta, tí ó sì pa aláìsàn ilé tì, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Mo bá pe arábìnrin wa lórí fóònù. Ó ní ọdún kẹfà rèé tí òun ti ń tọ́jú ìyá òun. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó ń jí lóru. Ní àárọ̀ Sátidé nìkan ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wá dúró dè é fún wákàtí mẹ́rin, ìgbà yẹn ni ó sì ń jáde lọ sáré. Ó ní: "Àáfáà, bí mo bá sáré dé, mo máa ń ní sùúrù fún Mọ́mì. Ọ̀sẹ̀ tí n kò bá jáde, mo máa ń jágbe mọ́ wọn, màá wá bú sẹ́kún." Ẹ̀yin ènìyàn, bàbá tí ó ní kí ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti jókòó fún ọdún mẹ́fà. Èmi tí mo jẹ́ Náíbù kò mọ̀. Mo ka àwọn tí ó ti lọ kí wọn láti mọ́sáláṣí yìí láàrin ọdún mẹ́fà. N kò rí ẹnì kan kà.

Ó yẹ kí n mọ̀ o, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìyá tèmi ní Ìwó, iyè wọn ra kí wọ́n tó kú. Wọn a kí ìrun Àìlá tán, wọn a tún dìde kí i, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ibi ni mo ti ń bá wọn wí lórí fóònù, èmi tí mo ka ìwé, tí mo mọ̀ pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ. Ní Suuratun-Nahli, aaya 70, Ọlọ́hun sọ fún wa pé a ó dá àwọn kan nínú wa padà sí ọjọ́ orí tí ó rẹlẹ̀ jù, tí wọn kò fi ní mọ ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ń ka aaya yẹn fún àwọn ènìyàn, n kò mọ̀ pé ìyá mi ni mo ń kà. Owó ni mo ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí mo délé, àbúrò mi obìnrin wò mí, ó ní: "Bùọ̀dá, owó yín ń dé. Ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti ìyá lóru." Mo ń tọrọ àforíjì Ọlọ́hun lórí rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ìdáhùn tí mo mú wá rèé. Sísáré láti kówó jọ fún ìwádìí àti fún àwọn olùtọ́jú jẹ́ iṣẹ́ rere, bí àníyàn bá dára, bí a kò bá pa ara lára, bí a bá sì ti ṣe ti ilé. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ rò pé owó tí a dá fún un ti san gbèsè wa. Owó lè lọ bá onímọ̀ wá oògùn. Ó lè san owó oṣù fún àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Admiral Nurse, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ran ìdílé irú aláìsàn yìí lọ́wọ́. Ìjókòó tì ni owó kò lè ṣe. Gbèsè gbogbo jámáà ni èyí: bí àwọn kan bá san án, ó bọ́ lọ́rùn gbogbo wa, bí ẹnikẹ́ni kò bá san án, ọrùn gbogbo wa ni ó wà.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣe Hájì ti rìn láàrin Safa àti Marwa. Eré Nana Hajara ni à ń tẹ̀lé níbẹ̀. Ó sáré lẹ́ẹ̀meje nítorí ọmọ tí kò lè dìde wá omi fúnra rẹ̀. Omi Samsamu kò sì jáde ní ibi tí ó sáré dé. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni ó ti jáde. Kò jẹ̀bi pé ó sáré. Kò sì gbàgbé láti padà sọ́dọ̀ ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé, ẹ má fi pamọ́ mọ́. Bí wọ́n bá ṣi ìrun kí, ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kánsù kí wọ́n wá wo ohun tí ẹ̀yin olùtọ́jú fúnra yín nílò. Òfin ọdún 2014 fún yín ní ẹ̀tọ́ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ẹ̀yin yòókù, ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Apá kan ni owó fún eré arábìnrin wa. Apá kejì ni orúkọ àwọn tí yóò máa fi wákàtí méjì lọ́sẹ̀ jókòó ti aláìsàn, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, kí olùtọ́jú lè sùn tàbí kí ó jáde. Bàbá tí ó bi wá ní ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti tirẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ tèmi ni ó tẹ̀lé e.

Ìrẹ Ọlọ́hun, ṣàánú àwọn òbí wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣàánú wa nígbà tí a kò mọ nǹkan kan. Má dá wa padà sí ọjọ́ orí tí ó rẹlẹ̀ jù. Bí O bá sì kọ ọ́ mọ́ wa, fún wa ní ẹni tí yóò ní sùúrù fún wa. Fi ọ̀nà ìwòsàn han àwọn tí ń wá a. Gba eré àwọn tí ń sáré, gba òru àwọn tí kò sùn, kí O sì dárí jin àwa tí a pẹ́ kí a tó mọ̀. Àmín. Ẹ dìde fún ìrun.