Irinṣẹ́ Tuntun, Ìlérí Àtijọ́

Bí ènìyàn bá rí irinṣẹ́ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ǹjẹ́ ó jẹ àwọn tí ti tẹ́lẹ̀ ti mọ́ lára ní gbèsè kankan? Ká ní ẹ bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dún tó kọjá ni, n bá dáhùn pé rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé wa ló yí mi lérò padà.

Èmi ni mo ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wa, níbi tí a ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ sí fún gbogbo kíláàsì. Àwọ̀ mẹ́ta ni òǹkàwé lè yàn níbẹ̀: "funfun", "aró" àti "òru". Òru ni èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí lẹ́tà rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Bí ènìyàn bá ti yan ọ̀kan, aṣàwákiri orí fóònù rẹ̀ yóò fi orúkọ àwọ̀ náà pamọ́ de ìgbà mìíràn.

CSS ni èdè tí a fi ń sọ fún aṣàwákiri bí ojú ìwé yóò ṣe rí. Láti 1996 ni àjọ W3C ti fọwọ́ sí i. Ìṣòro tèmi ni pé ibi tó lé ní 40 ni mo kọ nọ́ńbà àwọ̀ kan náà sí. Bí mo bá fẹ́ yí i padà, àfi kí n wá gbogbo rẹ̀ kàn. Ni mo bá kọ́ Sass, tó jáde ní 2006. Nínú Sass, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó fún àwọ̀ lórúkọ, a ó sì máa fi orúkọ náà pè é níbi gbogbo. Aṣàwákiri kò gbọ́ èdè Sass, nítorí náà Sass ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di CSS fún un. Inú mi dùn débi pé alẹ́ ọjọ́ kan ni mo yí gbogbo orúkọ padà. "Òru" di "theme-3".

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ kíláàsì mi kan wá bá mi. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ìmọ́lẹ̀ funfun sì máa ń ta á lójú. Òru nìkan ló fi ń kàwé. Fóònù rẹ̀ béèrè òru, kò rí i, ó sì gbé funfun fún un. Bọ́tìnì tí ì bá fi yàn án padà, mo ti sọ ọ́ di nọ́ńbà. Kò mọ èwo ni tirẹ̀. Ìdánwò wa sì ku ọ̀la. Kò bínú. Ó kàn ní, "Mo rò pé ẹ ti yọ tiwa kúrò ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Bí a bá ń ru gbogbo ẹrù àtijọ́ kiri, a kò ní í débi tí à ń lọ. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. N kò sọ pé ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà títí ayé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo ti ní kí àwọn ènìyàn yan "òru" ni orúkọ náà ti kúrò ní tèmi nìkan, ó ti di àdéhùn. Ẹni tó ń dáná lè fi gáàsì rọ́pò igi. Ẹni tó ń jẹun kò gbọdọ̀ torí ìyẹn sùn lébi. Àwọn tó ṣe Sass gan-an mọ èyí. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun tí wọ́n pè ní SCSS jáde ní 2010, wọ́n ṣe é kí CSS tí ènìyàn ti kọ tẹ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀ láìyí ohunkóhun padà, wọn kò sì ju ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn àkọ́kọ́ nù.

Mo dá orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, mo sì jẹ́ kí Sass máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Iṣẹ́ náà kò gbà mí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù: ohun tí n bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe gba òwúrọ̀ odidi lọ́wọ́ ẹlòmíràn, n kò sì lè dá a padà fún un. A tún ti fẹnu kò nínú ẹgbẹ́ wa pé bí àwọ̀ kan yóò bá kúrò, a ó kéde rẹ̀ ní táàmù kan ṣáájú.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ tuntun ló gba ojú mi lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé àkísà tí mo fẹ́ kó dànù ni ẹlòmíràn fi ń bora.