Iyọ̀ Afùwàpẹ́ ní Ìdí-Àràbà

Ẹni tó bá ti Mushin bọ̀ tó fẹ́ wọ Surulere kò ní ṣàì mọ Ìdí-Àràbà. Igi ńlá ni àdúgbò náà fi ń jẹ́ orúkọ, igi yìí kan náà ló sì di oyè àgbà awo, láti Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ títí dé Èkó. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí awo níbẹ̀ mọ́? Láti 1962 ni LUTH àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Bí ìyá kan bá ní "ọmọ mi wà ní Ìdí-Àràbà" lónìí, ohun méjì ló sábà ń jẹ́: yálà ọmọ ń kọ́ṣẹ́ dókítà, tàbí ara rẹ̀ ni kò yá.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ìtọ́jú eyín ní Yunifásítì Èkó ni Sidney Esiri, ọmọ Justus Esiri, òṣèré tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa nínú eré tẹlifíṣọ̀n Village Headmaster. Ó kàwé, ó gboyè, ó sì gba ìdí orin lọ. Dr. SID la wá mọ̀ ọ́n sí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ orin Mo' Hits, níbi tí Don Jazzy àti D'banj wà nígbà náà. Ní 2010 ó gbé àwo Turning Point jáde. Ẹ kíyè sí i pé kò ju "dókítà" yẹn nù. Ó sọ ọ́ di orúkọ ìnagijẹ.

Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá délẹ̀, ìdáhùn àwa Yorùbá ti wà lẹ́nu: àkúnlẹ̀yàn ni, orí rẹ̀ ló ń pè é. Wọ́n á ní Ifá ló wí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká lọ wo ibi tí Ifá ti wí i.

Nínú Ogbègúndá ni ìtàn náà wà. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kù ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ mú orí nílé Àjàlá Alámọ̀ tó ń fi amọ̀ mọ orí, kí wọ́n má yà síbì kankan lọ́nà. Àwọn méjì gbọ́ràn. Wọ́n débẹ̀, wọn kò bá Àjàlá, wọn kò sì lè dúró dè é. Wọ́n wọ yàrá orí, wọ́n mú èyí tó dán lójú wọn. Wọn kò mọ̀ pé orí náà kò jinná. Òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà, ó bó orí wọn. Wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí. Gbogbo èrè tí wọ́n ń rí, orí tó bó yẹn ni wọ́n ń fi tún.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Àwọn awo tó bá níbẹ̀ dífá fún un, wọ́n ní kó rú owó àti iyọ̀, wọ́n sì bù nínú méjèèjì fún un kó máa mú un lọ. Lọ́nà ló ti bá oníbodè tó ń se ọbẹ̀, tó ń bu eérú sí i bí ẹni bu iyọ̀. Ó fi iyọ̀ sí i fún un. Bí oníbodè ṣe tọ́ ọ wò, ó gbéra, ó mú Afùwàpẹ́ dé ilé Àjàlá. Gbèsè ti wọ Àjàlá lọ́rùn, àjà ló sá gùn nítorí olówó tó ń pariwo nílẹ̀. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Ìgbà yẹn ni Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, tó mú ọ̀pá irin, tó ń lu orí kan tẹ̀ lé òmíràn títí tí ọ̀kan fi dún gbọnran. Òjò pa orí yẹn dé ayé, kò bó.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé Afùwàpẹ́ pẹ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ogójì ọdún náà pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń sunkún ọdún tó ti lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí Afùwàpẹ́ yà sí ló ti rí iyọ̀. Ká ní ó tọ ọ̀nà tààrà ni, eérú ni oníbodè ì bá jẹ títí, kò sì ní sẹ́ni tó máa mú Afùwàpẹ́ dé ilé Àjàlá. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní Ìdí-Àràbà, ìṣègùn gan-an ni ilé bàbá tí wọ́n yà sí. (Mi ò fi èyí gbe bàbá tó fipá mú ọmọ lẹ́yìn o. Afùwàpẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ yà ni.)

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí Mushin. Ọmọdé ni Síkírù Àyìndé Barrister, olórin fújì, nígbà tó ti ń fi wéré jí àwọn èèyàn sí sààrì. Ó kọ́ iṣẹ́ taipú, ó ṣe akọ̀wé, ogun abẹ́lé dé, ó di ṣọ́jà. Ní gbogbo ìgbà yẹn orin kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó bọ́ aṣọ ológun tó gbájú mọ́ fújì, kí ló sọ ẹgbẹ́ rẹ̀? Supreme Fuji Commanders. Iyọ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n, tó kún fún onílù, èmi rò pé ẹni tó ti jẹ búrẹ́dì bárékè ló lè kó wọn jọ kí ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Kọ́líńtìn, olórin fújì bíi tirẹ̀, náà ti ṣe ṣọ́jà rí. Fẹlá, tó padà tẹ ilé rẹ̀ tó pè ní Kalakuta dó sí ẹ̀gbẹ́ Ìdí-Òrò, ní tirẹ̀ kò yà rárá: wọ́n ní kó lọ kọ́ ìṣègùn ní London ní 1958, orin ló lọ kọ́. Irú orí bẹ́ẹ̀ wà. N kò kàn ní gba ọmọ ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Gbèsè Àjàlá ló máa ń há èèyàn lọ́nà. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní gbèsè tí yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹni: ọdún tí a kò ní jèrè, iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ìtìjú. Dókítà àgbà tó fẹ́ràn aṣọ rírán, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń dìde fún láàárọ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni yóò jẹ́ nílé télọ̀ nírọ̀lẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ṣé yóò lè pè é ní ọ̀gá? Ṣé yóò dúró títí di ọjọ́ fíríìdọ̀mù? Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè san ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ padà, tí wọ́n ní ọ̀gá náà kò mọyì èèyàn.

Bí nọ́ọ̀sì tó ń yan kéèkì lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ bá bi mí bóyá kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, n kò ní bi í bóyá ó fẹ́ràn kéèkì; ojú rẹ̀ ti sọ ìyẹn. Owó fúláwà ni n ó bi í. Ṣé inú kéèkì oṣù tó kọjá ló ti jáde, àbí inú owó oṣù LUTH? Bó bá jẹ́ owó oṣù, orí tó bó ló ń tún. Kó dá a padà sínú iná fúngbà díẹ̀ sí i, kó sì máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Àràbà láàárọ̀.